Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: OWÓ TÓ JÁDE, ẸSẸ̀ TÓ JÁDE

Ẹ̀kọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó kọjá lórí bí a ṣe ń ka ìwé ìfowópamọ́ wa kò tíì parí, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ní kí a dá a dúró ná, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé wa tó gbẹ̀yìn tí kò yẹ kí a gbójú fò dá. Àwọn tó wà níbẹ̀ mọ̀ ọ́n. Àwọn tí kò wá (wọ́n pọ̀ o, ẹ jọ̀wọ́ ẹ máa wá sípàdé) yóò kà á níhìn-ín.

Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa, tó ń ta àǹkárá àti aṣọ ọmọdé ní Bọ́ládé, kọ ìwé béèrè ẹ̀yáwó. Gẹ́gẹ́ bí òfin ẹgbẹ́ wa, onígbọ̀wọ́ méjì ló gbọ́dọ̀ ní. Ó ti mú ọ̀kan wá láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Èkejì ni ọkọ rẹ̀, tí òun náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. A pe orúkọ bàbá náà pé kó wá fọwọ́ sí ìwé. Ó dìde, ó ní, "Èmi ò fọwọ́ sí i. Ẹ bi í léèrè ohun tó rà nígbà kónílé-ó-gbélé." Ó bá jókòó. Ìyá náà kò fọhùn, etí ìró rẹ̀ ló ń ká. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Alága ní kí a kọjá sí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ẹni tó bá gbọ́ yóò rò pé ọ̀rọ̀ àná ni. Kónílé-ó-gbélé ti ọdún 2020 ló ń wí o! Ọdún ti gorí ọdún, a ti ṣí ìbòmú kúrò lẹ́nu, Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ti kéde ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé àrùn kòrónà kì í ṣe ọ̀rọ̀ pàjáwìrì mọ́, ṣùgbọ́n nínú ilé kan ní Máfólúkù, ìjà ọjà rírà ọdún náà kò tíì parí. Nígbà tí irú ìjà bẹ́ẹ̀ bá dé orí ìwé ẹ̀yáwó ẹgbẹ́, ó ti kúrò ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya nìkan.

Alága, akápò àti àwa akọ̀wé yín lọ kí wọn nílé. A gbọ́ ti ọkọ, a gbọ́ ti ìyàwó. Àwọn méjèèjì yọ̀ǹda pé kí a fi ṣe ẹ̀kọ́ fún gbogbo ẹgbẹ́, bí a kò bá ti dárúkọ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè gbà bẹ́ẹ̀.

Kí a tó sọ tiwọn, ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí bí nǹkan ṣe rí, nítorí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa báyìí, ilé-ìwé ni wọ́n wà nígbà náà. Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé ẹni àkọ́kọ́ ní àrùn kòrónà ní Nàìjíríà, ọkùnrin ará Ítálì kan tó gba Èkó wọlé. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, 26 oṣù kẹta, ìjọba Èkó ti gbogbo ọjà àti ṣọ́ọ̀bù pa, àfi àwọn tó ń ta oúnjẹ, oògùn, omi àti ohun ìtọ́jú ara. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, Ààrẹ Buhari bá ìlú sọ̀rọ̀, ó ní láti aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ Ajé, 30 oṣù kẹta, kí onílé gbélé ní Èkó, ní Ògùn àti ní Àbújá fún ọjọ́ 14. Nígbà tí ọjọ́ 14 pé, ó tún fi ọjọ́ 14 mìíràn lé e. Ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí tú u díẹ̀díẹ̀, síbẹ̀ kò sí rínrìn láti aago mẹ́jọ alẹ́ di aago mẹ́fà àárọ̀, ìbòmú sì di dandan. Láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì, ọ̀nà kò ṣí títí di ọjọ́ kìíní oṣù keje.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Òṣòdì, ẹ mọ ohun tí à ń wí. Òṣòdì tí ẹni tó bá na ọwọ́ kò ní ráyè ká a padà nítorí èrò, abẹ́ afárá dá páropáro. A gbọ́ igbe ẹyẹ ní Bọ́ládé! Ọjà oúnjẹ nìkan ló ń ṣí, láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, a sì ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ọ̀rọ̀ kan wá gba ẹnu gbogbo wa: kòṣeémánìí. Oúnjẹ, kòṣeémánìí ni. Oògùn, kòṣeémánìí ni. Aṣọ, bàtà, gèlè, abọ́ ọ̀ṣọ́, wọn kì í ṣe kòṣeémánìí. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, òfin pín àwa ọlọ́jà sí méjì. Ìyá tó ń ta tòmátì ń lọ sọ́jà, èyí tó ń ta aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tirẹ̀ jókòó sílé. A kò sọ pé òfin náà kò dára. Àrùn tí a kò mọ̀ dé, ìjọba ní láti ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n òfin dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé. Kò sọ ẹni tí yóò jáde nínú ilé, kò sọ iye tí yóò mú lọ́wọ́, kò sì sọ ohun tí ọkọ yóò wí bí ìyàwó bá mú nǹkan mìíràn bọ̀. Níbẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé.

Ìdílé tí à ń sọ̀rọ̀ wọn yìí, yàrá méjì ni wọ́n ń gbé nínú ilé tí èrò pọ̀: ọkọ, ìyàwó, ọmọ mẹ́ta, àti ìyá ọkọ tó ti lé ní 70 ọdún, tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Ọkọ ń wa dánfó láti Òṣòdì lọ sí Ìyànà-Ìpájà. Ọkọ̀ dúró, owó dúró. Ìyàwó ti fi ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ ra ọjà ọdún Àjíǹde sílẹ̀, aṣọ tí àwọn ọmọdé ń wọ̀ lọ sí ìsìn. Ọdún Àjíǹde bọ́ sí ọjọ́ 12 oṣù kẹrin, ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù sì wà ní títì gbọin. Ẹ rò ó wò: gbèsè ẹgbẹ́ wà nílẹ̀, ọjà wà nínú òkùnkùn, ọmọ mẹ́ta ń sọ pé ebi ń pa àwọn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé Àjíǹde, ìyàwó jáde láti lọ ra gàrí, ẹ̀wà, epo àti ata. Aago mẹ́wàá ló jáde, ó ku díẹ̀ kí aago méjì lù kó tó wọlé. Gàrí wà nínú àpò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó bó ṣe yẹ kó tó. Abẹ́ gàrí ni àǹkárá wà, ọ̀pá mẹ́fà mẹ́fà, ìdì mẹ́rin. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń tajà, tí kò ní owó oúnjẹ lọ́wọ́ mọ́, ló gbé e jáde nínú ilé, tó tà á fún un ní iye tí kò tó èyí tí òun fúnra rẹ̀ rà á.

Ọkọ rí i. Ó pariwo pé, "Oúnjẹ ni mo ní kó o lọ rà! Ṣé aṣọ la máa sè jẹ?"

Ìyàwó ní, "Bàbá wọn, aṣọ kọ́ nìyẹn, ọjà ni."

"Ọjà tí wọ́n ti tì! Ìwọ ń wọ àárín èrò nítorí aṣọ, ìyá mi sì wà nílé yìí!"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo jáde lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ìbéèrè yẹn ló gbóná jù, nítorí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni bàbá ń jáde lọ ra obì ní ojúlé kejì. Obì àádọ́ta náírà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó bá ra obì, ó ń yà sí ṣẹ́ẹ̀dì mẹkáníìkì kan níbi tí òun àti awakọ̀ mẹ́rin ti ń ta lúdò títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Nígbà tí a bi í nípa rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí wa. Ó ní, "Akọ̀wé, obì àádọ́ta náírà ń kọ́? Ṣé ìyẹn náà ni ẹ ó pè ní ìnáwó?" Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Ní ìparí oṣù karùn-ún, ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Wọ́n se àgbo, wọ́n lo oògùn ibà. Nígbà tí mímí wá ń ṣòro fún un, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan, wọn kò rí àyè níbẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí òmíràn, wọ́n gbà á. Ọjọ́ kẹta, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, màmá fi ayé sílẹ̀. Wọn kò yẹ̀ ẹ́ wò fún kòrónà, nítorí náà kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ló pa á, tàbí pé òun kọ́. Ọ̀nà ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ ṣì wà ní títì, owó tí wọ́n ìbá fi wá àyè kò sì sí, ni wọ́n bá sin ín sí Èkó níhìn-ín, nígbà tó jẹ́ pé ó ti máa ń wí fún ọmọ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pé agboolé bàbá òun lápá Ọ̀ṣun ni kí wọ́n sin òun sí. Ohun tó dun bàbá yìí dé eegun nìyẹn. Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Bí kì í bá ṣe àǹkárá yẹn, ìyá mi ìbá ṣì wà." Ìyàwó rẹ̀ wà ní kọ́rídọ̀, ó ń dá iná. A mọ̀ pé ó gbọ́.

Báyìí, ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó ni a óò kọ́kọ́ mú.

Ní ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, owó oríṣi méjì ló máa ń wà lọ́wọ́ obìnrin tó ń tajà. Owó oúnjẹ wà, tí ọkọ fún un. Owó ọjà wà, tí í ṣe tirẹ̀. Ọkọ tó mọyì ara rẹ̀ kì í bèèrè iye tó wà nínú owó ọjà, ìyàwó tó mọ ìtọ́jú ilé kì í sì í fi owó oúnjẹ ra ọjà. Bí ọ̀kan bá tilẹ̀ yá èkejì, ìyá mọ̀ ọ́n lọ́kàn ara rẹ̀, yóò sì ti dá a padà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe é nìyẹn tí ilé kò fi dàrú. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 2020, owó oúnjẹ kò wọlé mọ́, nítorí dánfó kò rìn. Owó ọjà ni gbogbo ilé ń jẹ. Owó méjèèjì ti di ọ̀kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó sọ ọ́. Ìyàwó ní owó ọjà òun ni, òun sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ra ọjà. Ọkọ ní owó yòówù kó jẹ́, bó bá ti di pé òun ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀, owó oúnjẹ ni.

Ta ló jàre? Alága wa ní ọkọ ló jàre. Akápò ní ìyàwó ni (ẹ mọ̀ pé ìyá ni akápò wa, òun náà ọlọ́jà). Ní tiwa, àwọn méjèèjì ló jàre lápá kan, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí ìjà náà kò fi tán. Ìwé ẹgbẹ́ tilẹ̀ jẹ́rìí sí ìyàwó: ó ta àwọn àǹkárá náà kí Iléyá ọdún náà tó dé, èrè wọlé lórí rẹ̀, ó sì san ẹ̀yáwó wa tán láìjẹ́ pé a rán ẹnikẹ́ni sí i. Ohun tí a bá a wí lé lórí ni pé ó kó o sábẹ́ gàrí. Ẹni tó mọ̀ pé ọjà ni òun rà, kí ló ń fi pamọ́ fún? Ó gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ̀rù ariwo ló ba òun, ariwo náà sì tún ṣẹlẹ̀.

Àwọn baba ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìyẹn àwọn ará Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ti ń sọ̀rọ̀ wọn láti ìgbà tí ẹgbẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀, dojú kọ irú ìbéèrè yìí. Nígbà tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá ọdún 1844, ohun márùn-ún péré ni wọ́n ní tà: ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà, ọkà oat àti àbẹ́là. Alẹ́ ọjọ́ méjì nínú ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣí i ní ìbẹ̀rẹ̀. Owó wọn kéré, wọ́n ní láti pinnu ohun tó jẹ́ kòṣeémánìí. Ẹ wo àbẹ́là nínú rẹ̀. Ṣé àbẹ́là ṣeé jẹ? Kò ṣeé jẹ. Ṣùgbọ́n ahunṣọ wà nínú wọn, iṣẹ́ a sì máa di alẹ́. Láìsí iná, kò sí iṣẹ́, láìsí iṣẹ́, kò sí búrẹ́dì. Àǹkárá ni àbẹ́là ìyá yìí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ará Rochdale jùmọ̀ pinnu rẹ̀, tí gbogbo wọn mọ̀. Òun nìkan ló pinnu tirẹ̀ ní ojú ọ̀nà, láàárín aago kan sí méjì, tí ọlọ́pàá ń lé èrò.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a fi owó sílẹ̀, kí a mú ẹsẹ̀.

Kí a má baà dà bí ẹni tó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn, a óò sọ tiwa. Ní gbogbo ìgbà kónílé-ó-gbélé, àwa akọ̀wé yín yìí ni a ń kọminú sí ìyàwó wa nítorí irun tí ó fẹ́ lọ ra fún ọmọ. A ní irun kì í ṣe kòṣeémánìí. A wàásù nípa irun yẹn fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin ó bi wá pé, "Ẹ̀yin, níbo lẹ máa ń lọ láràárọ̀?" Ibi tí wọ́n ń ta ìwé ìròyìn ni a máa ń lọ. A kì í tilẹ̀ rà á. A máa ń dúró kà á lọ́fẹ̀ẹ́ ni, àwa àti ènìyàn bíi mẹ́jọ, a ń fi èjìká ti ara wa, a ń jiyàn lórí Buhari àti Trump, itọ́ ń fò. Lójú tiwa, a kò lọ sí ibì kankan, nítorí kọ́bọ̀ kò jáde nínú àpò wa. Obìnrin tó fẹ́ lọ ra irun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń pè ní aláìgbọ́ràn! Ìtìjú mú wa nígbà tí a rántí rẹ̀ ní ilé bàbá onílúdò yìí, ìdí nìyẹn tí a kò fi lè rẹ́rìn-ín sí obì rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ìlera ti kọ́ wa pé inú èémí àti itọ́ wẹ́wẹ́ ni àrùn kòrónà ń gbà láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn, pàápàá níbi tí ènìyàn bá ti fún mọ́ra fún ìgbà pípẹ́ tí afẹ́fẹ́ kò sì rìn dáadáa. Wọ́n ní ẹni tó ní i lè máà mọ̀, kí ara rẹ̀ le, kó sì kó o ran ẹlòmíràn. Wọ́n ní àgbàlagbà àti ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ ló ń ṣe ní jàǹbá jù. Nínú gbogbo èyí, kò sí ibi tí wọ́n ti mẹ́nu ba náírà. Àrùn kò bèèrè bóyá obì ni o lọ rà tàbí àǹkárá, bóyá o ná àádọ́ta náírà tàbí ẹgbàárùn-ún. Ọkùnrin márùn-ún tó tẹ orí ba ojú pátákó lúdò kan fún wákàtí méjì lójoojúmọ́ ti fún un ní àyè tó ju èyí tí ìyá kan fún un nínú ọjà ìta gbangba lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn òtútù wọ Èkó nínú ọkọ̀ ojú omi ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, èrò tó ń sá kúrò ní Èkó ló gbé e wọ inú ilẹ̀, ó sì bá ojú irin lọ, ojú irin kan náà tó gba Òṣòdì wa kọjá. Kò wo ẹrù tí èrò gbé. Èbólà ọdún 2014 ńkọ́? Arìnrìn-àjò kan ṣoṣo tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú ní oṣù keje ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀; ènìyàn 20 ló mú, ó sì pa mẹ́jọ, Dókítà Adadevoh sì wà nínú wọn. Ẹsẹ̀ ni àrùn ń bá rìn.

Nítorí náà, ìwé ìṣirò méjì ló wà nínú ìjà yìí. Ọkọ ń ka owó tó jáde. Ìyàwó ń ka ẹsẹ̀ tó jáde. Nígbà tí ọkọ bá ní, "O ti ṣe jù," owó ló ń wí. Nígbà tí ìyàwó bá ní, "Ẹ̀yin lẹ ṣe jù," ẹsẹ̀ ló ń wí. Wọ́n jọ ń pariwo lé ara wọn lórí, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ohun tí èkejì ń kà. Ohun tó wá burú ni pé ohun tí a rà máa ń dúró sílẹ̀ bí ẹlẹ́rìí. Àǹkárá ìdì mẹ́rin wà lórí bẹ́ẹ̀dì fún oṣù mẹ́ta, gbogbo ẹni tó wọlé ló ń rí i. Obì, a ti jẹ ẹ́. Lúdò, a ti ká a kúrò nílẹ̀. Nígbà tí ikú dé, tí ọkàn sì ń wá ohun tí yóò nàka sí, àǹkárá ló wà nítòsí.

A bi wọ́n ní ìbéèrè kan tí a rò pé wọn kò bi ara wọn rí. Ọjọ́ wo ni ìyàwó ra aṣọ? Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé Àjíǹde, àárín oṣù kẹrin. Ọjọ́ wo ni màmá bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́? Ìparí oṣù karùn-ún. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Àwọn onímọ̀ ní àrùn náà máa ń fara hàn láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́rìnlá lára ẹni tó bá kó o, ọ̀pọ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún. Bó bá jẹ́ kòrónà ló pa màmá, ó ṣòro kó jẹ́ ọjọ́ àǹkárá ló wọlé. Láti ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún, ọkọ̀ ti tún ń rìn, bàbá ń gbé èrò. Ìyá ti ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ tí wọ́n bá gbà á láyè. Àwọn ọmọ ń lọ pọn omi. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ilé ń wọlé, wọ́n ń jáde. Ta ló mọ ẹni tó gbé e wọlé? A kò rí ẹni dá lẹ́bi, a sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Bàbá dákẹ́ pẹ́.

Kí ni ẹgbẹ́ ń wí pé kí a ṣe? Kò le. Ìwé kíkọ ọmọ ilé-ìwé kan ti tó. Ní ọjọ́ tí nǹkan bá fún mọ́ra, ẹ fa ìlà sí àárín ojú ìwé. Ní apá kan, ẹ kọ owó tó jáde àti ohun tó lọ fún. Ní apá kejì, ẹ kọ ẹni tó jáde, ibi tó lọ, àti wákàtí tó pẹ́. Kí bàbá kọ tirẹ̀, kí ìyá kọ tirẹ̀, kí ọmọ tó ti mọ ìwé kọ tirẹ̀. Kí a sì ti sọ ọ́ láti alẹ́ pé bí ọjà olówó pọ́ọ́kú bá yọjú, iye báyìí ni ìyá lè fi rà láìbèèrè. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó pe ilé lórí fóònù kí ó tó san án. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ka ìwé yìí kí a tó tẹ̀ ẹ́ ní, "Akọ̀wé, ṣé ilé ni àbí ọ́fíìsì?" Ìdáhùn wa ni pé àwọn tí kò kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2020 náà ń kà á lọ́kàn títí di òní, kíkà ọ̀hún kò sì pé.

Kì í sì í ṣe kòrónà nìkan. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020 kan náà, a tún gbélé fún ọjọ́ mélòó kan nítorí wàhálà tó tẹ̀lé ìwọ́de EndSARS. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó náírà wọ́n bí ojú tí a sì ń tò ní báǹkì láti òru, irú ìjà yìí tún wọ ọ̀pọ̀ ilé: owó díẹ̀ tí a rí gbà, kí la fi rà, ta ló lọ tò, ta ló jókòó sílé?

Ní ìparí ìpàdé wa tó ń bọ̀, a óò jókòó lórí ẹ̀kọ́ yìí fún ìdajì wákàtí. Kí olúkúlùkù ti ronú sí ohun tí kì í ṣe oúnjẹ tí kò sì ṣeé má ní nínú iṣẹ́ tirẹ̀, àti ibi tí òun máa ń lọ lójoojúmọ́ tí òun kò ka á sí ìrìn. Ẹ mú bírò dání. Tọkọtaya tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jọ wá.

A tún padà lọ sí Máfólúkù ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, pẹ̀lú kàlẹ́ńdà ọdún 2020 kan tí akápò wá jáde nínú àpótí rẹ̀. A ní kí wọ́n kọ gbogbo ìjáde tí wọ́n bá rántí, láti ọjọ́ tí ọjà ti tì di ọjọ́ tí ọkọ̀ tún ń rìn. Ìyàwó ka tirẹ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án. Bàbá bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, ó ń fi ìka ka ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó dé ogún, ó gbé bírò kalẹ̀. Ó ní kí a fi ìwé ẹ̀yáwó náà sílẹ̀ ná, kí òun rò ó. Ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn ti yọ̀ǹda láti ṣe onígbọ̀wọ́ kejì, ṣùgbọ́n ìyá náà ní òun yóò dúró de ọkọ òun. Ìwé náà wà lọ́wọ́ akápò. Ìgbìmọ̀ ti sún ọjọ́ rẹ̀ sí ìpàdé tó ń bọ̀.